Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Fi Kárià Yàn

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó wà lókè òkun ní ìtàn tó dùn ún gbọ́. Wọ́n á ní bàálù gbé àwọn fò, yìnyín bọ́ lé àwọn lórí, eyín àwọn ń gbá ara wọn bí ẹni ń rún àgbàdo gbígbẹ. Èmi ò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ìlú àjèjì tí èmi lọ, bí atẹ́gùn bá ṣojúure, ẹ lè dúró síbẹ̀ kí ẹ máa gbóòórùn gààrí tí wọ́n ń yan ní Òkè-Ọ̀dàn. Àjàṣẹ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo nínú ìwé. Mo kúrò ní Ayétòrò, mo gba Ìdí-Ìrókò kọjá, mo di àlejò. Mi ò ní fi ìrìn àjò náà yọ yín lẹ́nu, nítorí ẹ̀pà tí mo rà nínú mọ́tò kò tíì tán tí a fi dé.

Síbẹ̀, ẹ má fojú kéré bodè. Igi kan tí wọ́n fi dábùú títì ni, okùn ni wọ́n fi ń fà á sókè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ohun tí ẹ jẹ́ tẹ́lẹ̀ á dúró lẹ́yìn á máa wò yín. Ní ìhà tiwa, tíṣà àgbà ni mí, àwọn òbí a máa bọ́ fìlà kí mi lójú ọ̀nà Ìláròó. Ní ìhà ọ̀hún, mo di bàbá kan tó ń fi ìka tọ́ka sí búrẹ́dì nítorí pé kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé wọ́n ń sọ Yorùbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ká ní Ègùn àti Faransé nìkan ni wọ́n ń sọ ni, ǹ bá mọ̀ pé mo ti dé ilé onílé, ǹ bá sì fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò mi kí mi ní Yorùbá tó jọ ti ìyá tó bí ìyá mi, mo sì dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọ Nàìjíríà ni yín," ó ní.

Kò bi mí léèrè, ó sọ ọ́ ni. Ó sì fa igbá owó rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ó kó mi nírìíra. Ẹ̀kọ náà sì dùn, ìyẹn ló tún wá burú jù.

Iṣẹ́ tí mo lọ ṣe níbẹ̀ ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Mùsé ni wọ́n ń pè mí, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gá. Iṣẹ́ náà kò le, ọ̀nà ibẹ̀ ló le. Ilé tí mo gbà jìnnà sí ilé ìwé, ọ̀kadà ni mo sì ń gùn, èyí tí wọ́n ń pè ní sémíjàn. Ẹni tó ń gbé mi láràárọ̀ wọ ẹ̀wù kan tí mo gbà pé ọjọ́ tí wọ́n rán an ló rí omi mọ. Bí eré bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀wù náà á wú, á wá máa nù mí lẹ́nu. Bí mo bá yẹ orí sọ́tùn-ún, á bá mi débẹ̀. Bí ó bá tutọ́, atẹ́gùn á pín in fún àwa méjèèjì láìṣègbè. Ìyẹn ṣì kéré. Láàárín ọ̀nà ni á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí wọ́n ti to bẹntiróòlù sínú ìgò, epo tó gba ẹ̀yìnkùlé àwọn àna mi kọjá láti Nàìjíríà. Wọn á dà á sínú táńkì nígbà tí mo ṣì wà lórí ọ̀kadà, á ta sí mi ní ṣòkòtò, mo sì ń wọ kíláàsì bí ẹni tó sùn sábẹ́ mọ́tò. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú a máa fi ìwé bo imú, wọ́n á ṣe bí ẹni pé wọ́n ń kàwé.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí òórùn yìí fi jẹ́ wàhálà fún mi ju fún ẹlòmíràn lọ. Ìyàwó mi, Ìyá Kúdí, ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Jímọ̀, tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì epo gba ojú ọ̀nà oko kọjá bodè. Fàyàwọ́ la ń pe iṣẹ́ yẹn, kò sì sí agbo ilé tí kò mọ̀ ọ́n lágbègbè wa. Lọ́jọ́ kan, iná gbé e. Kò kú. Ṣùgbọ́n awọ ọrùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ èjìká, ìka ọwọ́ rẹ̀ ò sì nà mọ́, Ìyá Kúdí ló ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ títí mo fi wá gbé e níyàwó. Láti ìgbà náà ni kì í ti í gba òórùn epo láàyè. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Ayétòrò. Oníbàárà tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́, ìta ni yóò dúró sí tí yóò ti máa tọ́ka sí aṣọ.

Nígbà tí mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kó àwọn ọmọ wá bá mi, kò kọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn síwájú mi lórí fóònù.

"Màá kó wọn wá tí wọ́n bá gba ọlidé," ó ní. "Màá fojú mi wò ó, màá sì fi imú mi gbóòórùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú epo lẹ fẹ́ ká máa gbé, Bàbá Kúdí, màá kó àwọn ọmọ mi padà. Orí fóònù lẹ ó ti máa tọ́ wọn."

"Kò sí epo nínú ọ̀rọ̀ mi. Kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ rà."

"Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta?"

"Kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹsẹ̀ ni màá fi wà á. Màá máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, bí ẹ bá sì dé, màá gbé Kúdí àti Ráṣídì sẹ́yìn lọ́jọ́ ìsinmi, a ó máa gbafẹ́ létí ọ̀sà."

"Pẹ̀lú ọjọ́ orí yín?"

"Ọjọ́ orí kọ́ ló ń wa kẹ̀kẹ́."

"Ikùn yín ńkọ́?"

"Ìyá Kúdí."

"Mo kàn ń béèrè ni. Ẹ rà á. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ jù tí mo ti gbọ́ láti ìhà ibẹ̀ nìyẹn."

Ìrọ̀lẹ́ la máa ń sọ̀rọ̀. Bí a bá ti ń sọ ọ́ lọ, mo máa ń gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa ní Ayétòrò nínú fóònù, kí ó tó parí, ti Àjàṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ìyá Kúdí á ní, "Ẹ lọ kírun," èmi náà á ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ lọ kírun," a ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń sọ pé jíjìnnà ló ń dá àárò sílẹ̀. Irọ́ ni. Kí ilé sún mọ́ni débi pé ẹ lè gbọ́ ọ, kí ẹ má sì lè jẹun nínú rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ wá wò.

Mùsé Bonifásì ló mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́. Ìṣirò ló ń kọ́ wọn nílé ìwé wa. Ọmọ Ègùn ni, ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni mu ún, òun náà a sì máa gun kẹ̀kẹ́ wá síṣẹ́, pẹ̀lú ṣòkòtò kan tó fún débi pé n kì í mọ ibi tí ǹ bá gbójú sí bí a bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀bá ọjà Wándò la lọ, sọ́dọ̀ Bàbá Sàká, bàbá Yorùbá kan láti ìhà Pobè, tó to kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ sára ara wọn bí igi ìdáná.

"Oríṣi mẹ́ta ló wà," Bonifásì ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí ọmọ kíláàsì kìíní. "Èyí tí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, ti àwọn tó ń sáré ìje ni. Iyanrìn ibí á gbé e mì. Èyí tí táyà rẹ̀ rí págunpàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì, orí òkè ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá gbé e sórí ọ̀dà, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń fà yín sẹ́yìn. Èyí tó wà láàárín lẹ fẹ́. Táyà rẹ̀ kò sanra, kò sì rù. Ó ní jíà tó mọ níwọ̀n. Ẹ ó jókòó nàró, ẹ̀yìn ò ní dùn yín. Ó ṣe é gbé lọ síṣẹ́, ó ṣe é gbé ọmọ."

"Àmúlùmálà," mo ní.

"Kí nìyẹn?"

"Èyí tí kì í ṣe ti ibí, tí kì í sì í ṣe ti ọ̀hún."

"Ó bá yín mu nìyẹn," ó ní.

Síìtì ló gba ọkàn mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti wo síìtì kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ dáadáa rí? Mo wo ọ̀kan, ojú ibi tí onítọ̀hún jókòó sí ti jìn sọ́tùn-ún sósì, bí ibi tí ewúrẹ́ méjì sùn sí nínú iyanrìn. Awọ rẹ̀ ń dán. Kì í sì í ṣe òróró ló mú un dán. Mo dà á kọ, mo rí ṣingọ́ọ̀mù tí ẹnì kan ti jẹ tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ojú eyín ṣì hàn lára rẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

"Mùsé, ìdí òyìnbó ni o," Bàbá Sàká ní. "Ìdí tó mọ́ ni."

"Bàbá, kò sí ìdí tó mọ́ lórí síìtì ẹlòmíràn."

"Kí ẹ máa nàró wà á nígbà náà."

Bonifásì ti rí èyí tó wù ú fún mi. Búlúù ni, búréèkì rẹ̀ gbọ́ràn, wọ́n sì de àga ọmọdé onírọ́bà kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ní bẹ́líìtì. Mo wò ó, ó rí mi lára. Mo ní irú ọmọ wo la ń dè mẹ́yìn bí òbúkọ tó ń lọ sọ́jà Iléyá? Mo sọ fún wọn pé báyìí kọ́ la ti í yan kẹ̀kẹ́ nílùú wa. Láti Igbogila dé Ayétòrò, kárià la fi ń mọ kẹ̀kẹ́ tó dáa. Ẹ ó ní kí àgbàlagbà méjì jókòó sórí rẹ̀, ẹ ó mì í. Bí kárià bá tẹ̀, ẹ ó dá kẹ̀kẹ́ padà, bí wúrà tilẹ̀ ni ìyókù rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tiwa kì í gbafẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni yóò gbé, àpò àgbàdo ni yóò gbé, aboyún ni yóò gbé lọ sílé ìgbẹ̀bí lóru. Bàbá mi ò mọ jíà, kò mọ búréèkì, ẹsẹ̀ ló fi ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, ṣùgbọ́n kárià rẹ̀ lè gbé ilé.

Báyìí ni mo ṣe rí kẹ̀kẹ́ kan lẹ́yìn pátápátá. Àmúlùmálà bí Bonifásì ṣe júwe rẹ̀, táyà rẹ̀ wà láàárín, jíà rẹ̀ pé. Àmọ́ kárià rẹ̀, háà. Páìpù tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ni wọ́n tẹ̀ yípo, wọ́n wẹ́ ẹ mọ́ ara kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú àlá.

Bonifásì fi ìka kàn án. "Irin yìí ò bá kẹ̀kẹ́ yìí wọkọ̀ ojú omi dé."

"Ẹni tó fi kún un gbọ́n ju ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó síbẹ̀."

Wọ́n jókòó. Ẹ fojú inú wò ó, olùkọ́ ìṣirò pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó fún, àti bàbá oníkẹ̀kẹ́, tí wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn bí ìbejì tó ń jà. Mo mì wọ́n. Kárià ò mira.

"Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?" mo bi Bàbá Sàká.

"Ọmọ ìhà bodè yín kan ni. Ẹrù ló ń gbé. Láti ìgbà tí nǹkan ti wọ́n lọ́dọ̀ yín, iṣẹ́ náà ò lọ mọ́, ló bá tà á."

Ẹ̀gẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Bàbá Sàká gba iye tí mo kọ́kọ́ dá, kò tilẹ̀ bá mi nájà. Ẹni tó bá gbọ́n, ibẹ̀ ni ì bá ti sá.

Ṣùgbọ́n mo gbádùn rẹ̀ fún sáà kan, mi ò ní purọ́. Mo fi aṣọ àdìrẹ kan bo síìtì, mo so ó lókùn, kí n má baà fi ara kan ara òyìnbó tí mi ò mọ̀. Láàárọ̀, mo ń kọjá lára ẹlẹ́wù onítọ́ yẹn níbi tí àwọn ọkọ̀ ti há, á ké pè mí, "Mùsé, ẹ ti fi mí sílẹ̀," èmi náà á sì juwọ́ sí i bí ọba. Itan mi ń dùn mí, ṣùgbọ́n ti ara mi ni òógùn tó wà lára mi. Ìyá ẹlẹ́kọ alára rí mi lórí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀kọ kan ṣe ènì fún mi.

Mo pe ilé. Kúdí ló gbé e.

"Bàbá, ṣé ibi tí ẹsẹ̀ mi máa wà wà níbẹ̀?"

"Ó wà. Ìwọ àti àbúrò rẹ lè jókòó, kí màmá yín náà sì jókòó, kò ní tẹ̀."

Ìyá Kúdí gba fóònù. "Kárià tó le tó báyẹn, kí ló ń gbé?"

"Ẹ̀gẹ́."

"Ẹ̀gẹ́ ò wúwo tó bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìgbà tí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ dé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn kan. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sínú oòrùn níta ilé ìwé. Nígbà tí mo jáde lọ́sàn-án, òórùn bẹntiróòlù kí mi káàbọ̀. Mo rò pé ọ̀kadà kan ló wà nítòsí. Mo wa kẹ̀kẹ́ lọ, òórùn bá mi lọ. Mo yà sí ojú ọ̀nà tí kò sí ẹnì kankan, ó yà pẹ̀lú mi. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi imú kan kárià, ara rẹ̀ ni òórùn náà ti ń jáde.

Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́bodè tó máa ń dúró létí títì fi dá mi dúró. Ọkùnrin gbọọrọ kan ni, ó gbọ́ Yorùbá. Kò tilẹ̀ wo ojú mi, kẹ̀kẹ́ ló ń wò bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

"Ẹ̀yin lẹ wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀?"

"Tíṣà ni mí."

"Gbogbo wọn ló máa ń ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹ ṣí báàgì yín."

Mo ṣí i. Àròkọ àwọn ọmọ lórí ìyá wọn ló kún inú rẹ̀. Ó fa ọ̀kan yọ, ó kà á ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní máàkì tí mo fún ọmọ náà kò tó. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka ra kárià, ó gbóòórùn ìka náà, ó sì rọra fi nu apá ẹ̀wù mi.

"Ọ̀gá tíṣà, a mọ kẹ̀kẹ́ yìí ju ìyàwó wa lọ. A ti lé e wọgbó láìmọye ìgbà. Ẹ máa lọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti rí mi ní òdìkejì títì, á ké pè mí, "Kpayo." Orúkọ tí wọ́n ń pe epo fàyàwọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé gbọ́ ọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Mùsé Kpayo ni mo ń jẹ́, kódà lẹ́nu ọmọ aláìléyín tó wà ní jẹ́léósinmi.

Mo dá kẹ̀kẹ́ padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sàká. Kò gbà á.

"Ẹ̀yin lẹ ní kárià lẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Mo fi èyí tó ní àga ọmọdé hàn yín, ẹ ní òbúkọ ni wọ́n ń dè."

Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á. Mo fi eérú bò ó mọ́jú. Ohun tí mo rí gbà ni kẹ̀kẹ́ tó ń run epo àti ọsàn. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé n kì í fẹ́ jẹun bí mo bá ti gùn ún dé. Ohun tó sì dùn mí kì í ṣe òórùn nìkan. Nígbà tí mò ń kọjá bodè, mo rò pé mo lè ṣa ilé mi bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, kí n mú èyí tó dáa dání, kí n gbọn ìyókù dànù. Mo mú ọgbọ́n bàbá mi nípa kárià, mo sì fi owó ara mi ra ohun kan ṣoṣo tí ìyàwó mi ń sá fún nílé.

Ọlidé dé. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dé, mo gbé kẹ̀kẹ́ wọ yàrá, mo da ẹyin iná sínú àwo, mo bu tùràrí lé e, mo sì gbé e sábẹ́ kárià kí èéfín lè wọ̀ ọ́ lára. Mo jókòó tì í, mo ń fẹ́ ẹ. Yàrá ń run bí ilé ìyàwó tuntun. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Wọ́n dé láàárọ̀, mo ti gbé kẹ̀kẹ́ síta dè wọ́n. Ráṣídì ò tilẹ̀ kí mi tán tó ti gun kárià, tó ń ta ẹsẹ̀. Kúdí ń ti i kó sún síwájú. Ìyá Kúdí ṣì gbé báàgì lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa, ó dúró, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Ráṣídì, sọ̀ kalẹ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò le. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ Bonifásì, mo sọ̀rọ̀ táyà, mo ti ń lọ sórí jíà.

"Bàbá Kúdí," ó ní, "ìgbà wo ni mọ́tò tó ń padà sí Ìdí-Ìrókò ń gbéra?"

Kò gbé báàgì sílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe òórùn nìkan ló gbọ́. Ó ń wo ọwọ́ mi, ó ń wo ọrùn mi, bí ẹni tó ń wá ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹnì kan.

"Jẹ́ ká lọ gé e kúrò ná," mo ní. "Wẹ́dà wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá gé kárià dànù, tí òórùn ò sì lọ, èmi fúnra mi ni màá sìn yín dé ìdíkọ̀."

Ó tẹ̀ lé mi, báàgì lọ́wọ́, ó fi àwọn ọmọ sí apá kejì.

Wẹ́dà náà gbé irinṣẹ́ iná rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì tún nàró. Ó gbé iná jìnnà. "Màdámù, ẹ kó àwọn ọmọ yín sẹ́yìn," ó ní. Ó fún mi ní ayùn irin. "Èmi ò ní mú iná sún mọ́ èyí. Ẹ gé e fúnra yín."

Mo gé. Ikùn tí wọ́n ti béèrè lórí fóònù ń dí mi lọ́wọ́, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Bí ayùn ṣe la páìpù náà já, nǹkan kan tú jáde láti inú rẹ̀. Ó dúdú, ó ki, ó gbé ìpẹtà irin dání, ó dà lé ọwọ́ mi, ó wọ bàtà mi, ó ń gbóná lára mi bí ìtọ̀ ẹran. Epo ni. Kárià náà gan-an ni táńkì. Ọkùnrin tó ni ín ti di epo sínú páìpù, ó ti dí ẹnu rẹ̀ pa, kí aṣọ́bodè tó gba kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ má lè gba gbogbo rẹ̀. Ìgò bíi mélòó ló máa gbà? Torí ìyẹn ni èèyàn ṣe ń jókòó sórí iná. Mo fi ayùn sílẹ̀, mo sá lọ sétí gọ́tà, mo bì gbogbo ohun tí mo jẹ láàárọ̀.

Nígbà tí mo gbórí sókè, Ìyá Kúdí ti ń da iyanrìn sórí epo tó wà nílẹ̀. Ó dúró, ó fa imú.

"Òórùn kan tún wà lára rẹ̀. Kí lẹ fi sí i?"

"Tùràrí."

"Ẹ fi pa á lára?"

"Mo sun ún. Mo gbé ẹyin iná sábẹ́ rẹ̀."

"Abẹ́ kárià yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Níta?"

"Nínú yàrá."

Wẹ́dà náà sọ nǹkan kan ní Ègùn, ó sì jókòó. Ìyá Kúdí wo páìpù tó ń kán tó tó, ó wò mí. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ẹkún ni, omi sì wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín, ó di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wẹ́dà.

"Mo rò pé ẹ ti ń gbé epo ni," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀ kárià ni mi ò ti sùn. Mo ní owó tíṣà ò tó wọn, wọ́n ti wọ iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀, kẹ̀kẹ́ ìgbafẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú mi." Ó nu ojú. "Kò sí fàyàwọ́ kan láyé tó máa fi ẹyin iná sábẹ́ epo. Òpè nìkan ló lè ṣe é. Ọlọ́run, mo dúpẹ́ pé òpè ni mo fẹ́."

Wọ́n ti pè mí ní orúkọ púpọ̀ ní ìlú yẹn. Kò sí èyí tó dùn tó òpè.

Nígbà tí mo gé ìyókù kárià kúrò tán, ó gbé àwọn ọmọ sórí kẹ̀kẹ́, Kúdí lórí síìtì, Ráṣídì lórí irin iwájú. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

"Níbo là ń lọ?" mo bi í.

"Ilé ìwé tí ẹ ní wọ́n máa lọ. Ẹ jẹ́ ká rí i."

Mo yára nawọ́ kí n bá a di Kúdí mú.

"Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ mi," ó ní. "Ẹ ń rùn. Ẹ sún sẹ́yìn."

Mo sún sẹ́yìn. "Ẹ tún sún," ó ní, mo tún sún. Bí a ṣe gba àárín Wándò kọjá nìyẹn, ìyàwó mi ń ti kẹ̀kẹ́ tí kò ní kárià mọ́, àwọn ọmọ mi ń ké sí gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí, èmi sì ń bọ̀ lókèèrè lẹ́yìn wọn, mo na ọwọ́ méjèèjì jìnnà sí ara, bàtà mi ń dún jàlà jàlà, eṣinṣin pàápàá ò fẹ́ bà lé mi. Àwọn ọlọ́kadà ń bi mí bóyá èmi ni mo ni wọ́n. Mo ní èmi ni.